Bí Àyè Bá Wọ́n: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọmọ Ìlọrin tó ń Ra Ọjà Lórí Fóònù

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé níbí àti ẹ̀yin tí ẹ ti ré kọjá òkun, ọjà rírà ti yí padà lọ́wọ́ yín. Àwọn ìyá tó bí wa á gbé agbọ̀n, wọ́n á dé Ọjà Ọba tàbí Ìpàtà kí oòrùn tó mú, wọ́n á ná ọjà, wọ́n á sì padà sílé wá dáná. Ẹ̀yin á jókòó ní Tanke tàbí ní Adéwọlé, ẹ á tẹ fóònù, ìrẹsì, òróró, mílíìkì àti ẹyin á sì dé ẹnu ọ̀nà. Áàpù Chowdeck tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó lọ́dún 2021 ti nawọ́ dé ìlú wa, àwọn ṣọ́ọ̀bù mìíràn sì ní ráídà tiwọn tí ẹ ń pè lórí WhatsApp. N kò bá yín jà sí i. Ohun tó dára ni, pàápàá fún ẹni tí iṣẹ́ há mọ́ tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ kan wà tí àwọn tó ń gbé ọjà kiri kì í tó àwọn tó ń pè wọ́n: ọjọ́ òjò, ọjọ́ tí epo bẹntiróòlù bá wọ́n, ìrọ̀lẹ́ ààwẹ̀, ọ̀sẹ̀ Iléyá. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ la ń mọ ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, òun ni mo sì fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń gbà.

Nígbà tí áàpù bá sọ fún yín pé àyè wà láàárín aago mẹ́rin sí aago márùn-ún, ẹ má rò pé ẹ̀rọ ló fún yín ní nǹkan. Ènìyàn kan ni, tó ní ọ̀kadà kan àti wákàtí kan. Iye ilé tó lè dé láàárín wákàtí náà kò pọ̀. Ẹlòmíràn tún wà nínú ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣa ọjà yín láti orí pẹpẹ sínú ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti gba àyè náà, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn nìyẹn, yálà ẹ lò ó tàbí ẹ kò lò ó.

Àwọn ọmọ wa tó wà nílùú Ọba mọ̀ ọ́n lára lọ́dún 2020. Lọ́jọ́ 23 oṣù kẹta ọdún náà ni Boris Johnson, olórí ìjọba wọn nígbà náà, pàṣẹ pé kí oníkálukú jókòó sílé nítorí àrùn Kòrónà. Kó tó sọ̀rọ̀ rárá ni àyè láti gbé ọjà wá sílé ti tán ní àwọn ilé ìtajà bíi Tesco, Sainsbury's, Asda àti Ocado. Èrò ya bo Ocado débi pé wọ́n ti ìkànnì wọn pa fún ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ṣí i, ìlà lèèyàn ń tò kó tó lè wọlé, nínú ilé ara rẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀. Àwọn mìíràn ń jí lóru bóyá wọ́n á rí àyè tuntun tó bá jáde láago méjìlá. Kó tó dìgbà náà, nǹkan bí 600,000 ilé ni Tesco ń gbé ọjà lọ bá lọ́sẹ̀ kan. Wọ́n gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́, wọ́n fi ọkọ̀ kún ọkọ̀, iye yẹn sì kọjá mílíọ̀nù kan láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Síbẹ̀ kò kárí. Bí ilé iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò bá rí i ṣe, kí wá ni ti ìwọ̀nba ráídà tó ń sáré láàárín Gẹ̀rí Álímì sí Tanke nínú òjò?

2. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbé e, kó jáde.

Ohun tí àwọn ilé ìtajà náà bẹ àwọn oníbàárà wọn nìyẹn lọ́dún yẹn: ẹni tó bá lè wá sí ṣọ́ọ̀bù, kó wá, kó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí kò lè wá. Lọ́jọ́ 19 oṣù kẹta, Sainsbury's ya wákàtí àkọ́kọ́ láàárọ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn arúgbó àti aláìlera, wọ́n sì fòté lé iye tí ẹnì kan lè rà nínú ọjà kan. Tesco ní ohun tí ẹnì kan yóò kó sínú ọ́dà kan kò gbọdọ̀ ju 80 lọ. Ìjọba kọ lẹ́tà sí nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ènìyàn tí àìsàn tó wà lára wọn lè mú kí Kòrónà pa wọ́n, ó sì fi orúkọ àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́ ránṣẹ́ sí àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè tètè dá wọn lóhùn.

Mo fẹ́ràn ètò náà gidigidi. Àwa ní tiwa kò nílò lẹ́tà. Ẹ mọ ẹni tó lárùn rọpárọsẹ̀ nínú agbolé yín, ẹ mọ ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ mọ baba tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Bí ẹ bá ń gbé ní Sángo, tí ara yín le, tí òjò sì ti dá, ẹ mú báàgì yín, kí ẹ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọjà Mandate. Tòmátì àti ata ibẹ̀ á tilẹ̀ dín lówó ju èyí tí wọ́n gbé sínú ọ̀rá fún yín lọ, ẹ á sì fi ọwọ́ ara yín yan èyí tí kò tíì rọ̀.

3. Ẹ má gba àyè tí ẹ kò ní í lò.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń pe ọ̀nà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń gbà, wọ́n á wá fagi lé méjì yòókù. Ráídà kejì ti dé Challenge kó tó gbọ́. Epo tó fi sínú ọ̀kadà ti jó, ilé kan tó yẹ kó ti dé sì ń dúró dè é lásán.

Ẹ ti rí irú rẹ̀ ní mọ́sáláṣí lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Ẹnì kan á tẹ́ ẹní mẹ́ta sí ìlà iwájú, ọ̀kan fún ara rẹ̀, méjì fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣì ń wẹ̀ nílé. Baba arúgbó tó ti dé láti aago mọ́kànlá á wá dúró síta nínú oòrùn. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ náà bá dé, wọ́n á máa gun èjìká àwọn èèyàn kọjá. Àwọn Àlùfáà wa ti wàásù rẹ̀ títí: ẹni tó bá tètè dé ló ni iwájú, kíkọjá lórí èjìká àwọn tó ti jókòó sì jẹ́ ohun tí Ànábì kọ̀. Ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, àyè ẹlòmíràn ló gbà. Bákan náà ni ọ́dà mẹ́ta tí ẹ pè nígbà tí ẹ mọ̀ pé ọ̀kan ṣoṣo lẹ máa gbà.

Àwọn kan nílùú Ọba máa ń fi búrẹ́dì kan ṣoṣo gba àyè sílẹ̀, wọ́n á wá máa fi ọjà kún un títí ọjọ́ á fi pé. Lójú tèmi, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ńbẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé àyè kan náà ni, tó sì dá yín lójú pé ẹ ó rà á. Ibi tó ti di ìwọra ni kí ẹnì kan gba ti ọjọ́ Ajé, ti Ọjọ́rú àti ti Jímọ́ọ̀ pa pọ̀, kó máa wo èyí tí yóò bá a lára mu.

4. Bí ọ̀rọ̀ bá yí padà, ẹ tètè fi àyè sílẹ̀.

Ẹ má dúró di ìgbà tí ráídà bá dé ẹnu géètì. Ní wéré tí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ kò ní í sí nílé, ẹ fagi lé e. Ẹlòmíràn á rí i gbà.

5. Ẹ bá ẹni tí kò mọ fóònù lò gba àyè.

Ọ̀rọ̀ yìí ló ká mi lára jù. Ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá nílùú yìí, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ní. Wọn kò ní áàpù, wọn kò ní dátà, ojú wọn kò sì gbé lẹ́tà wíníwíní. Ní ọjọ́ tí àyè bá wọ́n, àwọn gan-an ló nílò rẹ̀ jù, àwọn gan-an ni kò sì lè rí i gbà. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ lọ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó pe ti yín.

Bí ẹ bá ń ṣe é fún wọn, àmáànà ni. Ẹ jẹ́ kí ìyá náà ka ohun tó fẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé. Ẹ ka iye owó rẹ̀ fún un, ẹ sọ owó ráídà fún un lọ́tọ̀, kó gbà kí ẹ tó tẹ fóònù. Ẹ má bèèrè nọ́ńbà àṣírí káàdì báńkì rẹ̀, kódà bó bá fẹ́ sọ ọ́ fún yín. Ẹ fi owó yín san án, kó dá a padà fún yín lówó, tàbí kí ọmọ rẹ̀ ṣe tiránsífà.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ yín kì í kà sí. Bí ṣọ́ọ̀bù bá ní ohun tí ẹ bèèrè ti tán, wọ́n á fẹ́ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yin á tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ìyá tó ní àtọ̀gbẹ, tó bèèrè ohun mímu tí kò ní ṣúgà, wọ́n á gbé èyí tó ní ṣúgà wá fún un, kò sì ní lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ike. Ẹ pè é, kí ẹ bi í. Ìṣẹ́jú kan ni.

Kí ẹ má sì gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ gba àdúrà, ó tó.

6. Ẹ para pọ̀ ra ọjà.

Ilé mẹ́ta tó wà nínú ọgbà kan kò nílò ráídà mẹ́ta. Ẹ kó ohun tí ẹ fẹ́ rà jọ, ẹnì kan á pè é, ráídà á wá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé họ́sítẹ̀lì ní Tanke àti Òkè-Odò ni mo ń bá wí jù níbí, torí mo mọ̀ pé yàrá mẹ́rin lórí kọ́rídọ̀ kan lè máa pe ìndómì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lálẹ́ kan náà. Ẹ á tún pín owó ráídà láàárín ara yín. Ẹ ṣáà kọ orúkọ sára ọ̀rá kálukú kí ìjà má baà dé.

7. Ẹ má ta àyè.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú lọ́dún 2023 kò lè gbàgbé oṣù kejì ọdún náà. Báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà ti ní náírà àtijọ́, ti 200, 500 àti 1,000, kò ní í ṣeé ná mọ́ tó bá di ọjọ́ 31 oṣù kìíní. Wọ́n sún un di ọjọ́ 10 oṣù kejì, ṣùgbọ́n náírà tuntun kò tó nílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ làwọn èèyàn ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà báńkì lójú ọ̀nà Unity àti Táíwò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á fa ìwé yọ, kálukú á máa kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń dé. Ìwé yẹn ló pa ìjà. Àgbàlagbà á kọ orúkọ, á lọ jókòó sábẹ́ igi, kò sì sí ẹni tí yóò fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà làwọn kan wá dọ́gbọ́n. Ọ̀dọ́kùnrin kan á kọ orúkọ márùn-ún tí kò sí ẹni tó ń jẹ́ ẹ, á wá máa tà á fún ẹni tó bá pẹ́ dé. Èyí tó bí mi nínú jù ni pé àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ 3 oṣù kẹta, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí a máa ná owó àtijọ́ lọ títí di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, ìlà sì ń tú díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò gbàgbé ojú àwọn tó ta orúkọ.

Ẹni tó bá ń gba àyè ráídà sílẹ̀ láti fi lé owó lórí fún aládùúgbò rẹ̀, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Kò sí àlùbáríkà nínú owó bẹ́ẹ̀. Ẹ má tà á, ẹ má sì rà á.

8. Ìrọ̀lẹ́ ààwẹ̀ nílùú Ìlọrin, ẹ fi ojú àánú wò ó.

Kò sí ìgbà tí àyè ń wọ́n nílùú wa bíi wákàtí tó ṣáájú ìṣínu. Bí Ràmàdánì bá bọ́ sí oṣù kẹta ọdún, kí aago méje alẹ́ tó lù ni oòrùn ń wọ̀. Láti aago márùn-ún ni gbogbo ìlú yóò máa pè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó fẹ́ èso, ẹni tó fẹ́ yìnyín, ẹni tí ṣúgà tán fún lójijì, gbogbo wọn ló ń wá ráídà kan ṣoṣo. Ohun tí kì í bàjẹ́, ìrẹsì, ṣúgà, mílíìkì, tíì, ẹ rà á kí oṣù tó lé. Ohun tí ẹ bá máa rà lọ́jọ́ náà, ẹ pè é lẹ́yìn ìrun Àìlá, kó ti dé ilé kí Àlásàrí tó wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbààwẹ̀, ẹ̀yin ọmọ wa Kìrìsìtẹ́nì ní Sábó-Òkè àti ibòmíràn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, bí ohun tí ẹ fẹ́ bá lè dúró, ẹ fi àsìkò náà sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ ṣínu. Ẹ̀yin Mùsùlùmí náà, tó bá di ọjọ́ 24 oṣù kejìlá, ẹ sinmi pípe ráídà. Àìsùn Kérésìmesì wọn ni. Ìlú wa kì í ṣe ìlú ẹ̀sìn kan, a sì ti ń bá ara wa gbé láti ọjọ́ pípẹ́.

Kí n má gbàgbé ráídà fúnra rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ aláàwẹ̀ bíi tiyín. Oúnjẹ ìṣínu ẹlòmíràn ló gbé sẹ́yìn, òun náà kò sì tíì fi omi kan ẹnu. Bí ìpè Màgàríbì bá bá a lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ fún un ní dàbínù mẹ́ta àti omi tútù. Ẹ má pariwo lé e lórí nítorí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí òjò bá rọ̀, tí ó gbé ọ̀kadà rẹ̀ sábẹ́ òrùlé kan, ẹ jẹ́ kó dúró. Ẹran tí ẹ rà kò tó ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ.

9. Ẹ sọ ọ̀nà ilé yín dáadáa.

Àárín ìlú wa, Pàkátà, Òkèlélé, Àdìfá, ọ̀pọ̀ ilé kò ní nọ́ńbà. Agbolé la fi ń mọ̀ ọ́n. Ráídà tó ti Offa Garage wá kò mọ agbolé yín, àwòrán ọ̀nà tó wà lórí fóònù rẹ̀ á sì mú un wọ àgbàlá onílé. Ẹ kọ ọ́ fún un kó tó gbéra: mọ́sáláṣí tó wà nítòsí, àwọ̀ géètì, bóyá ọ̀kadà lè wọ ọ̀nà náà. Ẹ jẹ́ kí iná wà nínú fóònù yín. Bí ó bá sọ pé òun ti sún mọ́ tòsí, ẹ jáde síta, kí ẹ mú owó lọ́wọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ kò tíì sanwó. Gbogbo ìṣẹ́jú tó bá fi ń pè yín tí ẹ kò gbé e, inú àkókò ẹni tó kàn ni ẹ ti ń yọ ọ́.

10. Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn odi, ẹ pe ilé kí ẹ tó rajà.

Mo mọ ìfẹ́ tí ẹ fi ń ṣe é. Ọmọ wà ní Mánṣẹ́sítà, ó ti ibẹ̀ pe ọjà fún ìyá rẹ̀ ní Agbárerè, ó sanwó, inú rẹ̀ dùn. Ìyá kò mọ nǹkan kan. Ó ti lọ síbi ìsìnkú ní Òfà. Ráídà dé, ó kan ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó dáhùn, ẹran sì ń yọ́ nínú àpótí. Lọ́jọ́ kan náà, ẹ̀gbọ́n wà ní Kánádà, òun náà ti pe irú ọjà kan náà, torí pé kò bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá kan, àyè méjì, nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ kò rí ẹyọ kan. Ẹ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí WhatsApp fún àwọn ọmọ ìyá, kí ẹnì kan jẹ́ alábòójútó ọjà, kí ẹ sì bi ìyá léèrè ohun tí kò sí nílé. Ó lè jẹ́ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló nílò, kì í ṣe páálí ìndómì mìíràn.

Bí ẹ bá sì ń pè fún un, ẹ fi ìbéèrè kan kún un: "Ìyá, ta ló wà nítòsí yín tí kò ní ẹni tó ń bá a ra ọjà?" Orúkọ tó bá dá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí ráídà bá ń bọ̀ ní agbolé náà, ẹ fi ìrẹsì àti òróró ẹni yẹn kún ẹrù rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ òní.